Táyà Tí Adégbénró Fi Ṣéènì Dè

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, Adégbénró ti wà lórí páálí lábẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, ó ń wo táyà sípíà lókè, táyà náà ń wo òun náà nílẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ ò tíì kúrò ní Snellville, ìlú tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà o. Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ibi tí táyà ẹ̀yìn ti bẹ́ gbàù yìí, ìrìn ìṣẹ́jú méjìlá péré ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó ń lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Ó rọra darí ọkọ̀ náà yà sí iwájú ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣílẹ̀kùn àfi àwọn tó ń ta dónọ́ọ̀tì. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé iwájú orí lé sítíárìn fún ìgbà díẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́.

Ṣòkòtò iṣẹ́ tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lánàá ló ṣì wà nídìí rẹ̀. Kò sùn. Ojú ń ta á, ẹ̀yìn ń ro ó, ìyẹn ẹ̀yìn tí gbígbé arúgbó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti bà jẹ́ fún un. Nínú ọkọ̀, bùbá àti ṣòkòtò funfun tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ̀ sílẹ̀ dè é rọ̀ sára fèrèsé, ó mọ́ nigín. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ìpẹtà ti bò, ó ní kò burú, aṣọ ò tíì kàn.

Ní Charlotte, lọ́sàn-án gangan ọjọ́ yìí, wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Olúwanífẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Adégbénró bí, ló bí ọmọkùnrin ní Sátidé tó kọjá, òní ló pé ọjọ́ kẹjọ. Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé, ó ń wẹ ọmọ, ó ń fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá ọmọ. Àwọn àna, ìdílé Oyèwùmí, ti ti ọ̀nà jíjìn dé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sún síwájú nítorí táyà. Ọjọ́ kẹjọ ni ọjọ́ kẹjọ ń jẹ́, bó jẹ́ Charlotte, bó jẹ́ Ìkirè.

Àmọ́ kì í ṣe orúkọ ọmọ nìkan ló ń dá Adégbénró lóró lábẹ́ ọkọ̀. Nífẹ́mi ni. Ẹ jẹ́ ká má fi bò: bàbá yìí kò tíì dé ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń retí rẹ̀ lásìkò rí. Ọjọ́ tí ọmọ náà sáré gba ipò kìíní láàárín gbogbo ilé ìwé àgbègbè wọn, bàbá wà níbi iṣẹ́. Ọjọ́ tó jáde ní girama, wọ́n bẹ bàbá pé kó fi wákàtí mẹ́jọ kún mẹ́jọ, ó sì fi kún un. Ọjọ́ tó gboyè apògùn òyìnbó, bàbá dé nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò ìkẹyìn, ó wà nínú fọ́tò náà títí dòní pẹ̀lú káàdì ibi iṣẹ́ lọ́rùn. Kò mutí, kò lóbìnrin níta. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ náà ló sì fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá bojú wẹ̀yìn láàárín èrò, bàbá ló ń wá, kì í ṣe iṣẹ́ bàbá.

Lọ́jọ́ kejì tí Nífẹ́mi bímọ, Adégbénró pè é lórí fóònù, ó búra fún un.

"Nífẹ́mi, this one, màá ti dé kí àlejò kankan tó dé. Mo ti gba off. Friday, Saturday, Sunday."

"Okay, Daddy," ni Nífẹ́mi wí, bí àgbà ṣe ń dá ọmọdé lóhùn.

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn kò kúrò létí Adégbénró mọ́. Ìbá dára kó jiyàn.

Ó gba ọjọ́ Jímọ̀ náà sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Lilburn pè é: ẹnì kan ò wá, kó jọ̀ọ́, wákàtí mẹ́rin péré. Àwa tí a ti ilé wá jẹun níbí yìí, ẹnu wa kì í gbà á láti sọ pé rárá fún iṣẹ́. Ó lọ. Hajarah tó yẹ kó wá gbà á sílẹ̀ lágogo mẹ́wàá alẹ́ kò lè dé, ọkọ̀ rẹ̀ ló kú sọ́nà, nọ́ọ̀sì kì í sì í fi aláìsàn sílẹ̀ láìfà á lé nọ́ọ̀sì mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá a. Ó délé, ó bọ́jú, ó gbé ìyá rẹ̀, tí aládùúgbò kan bá a ṣọ́ mọ́jú, sínú ọkọ̀, ó ṣíná sí i.

Ọkọ̀ tí mò ń wí yìí, RV ni, ọkọ̀ gàgàrà tó ní bẹ́ẹ̀dì, ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ nínú. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó arúgbó kan, pé tí òun bá ti fẹ̀yìn tì, òun àti Mojísọ́lá á máa wà á yí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ká. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ewé igi ń bọ́ lé e lórí. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ ọ́ di ohun tó wúlò. Màmá ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó ṣubú nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìgbáròkó, kò sì lè jókòó ju ìdajì wákàtí lọ mọ́. Nínú RV, ó lè dùbúlẹ̀ dé Charlotte, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Àlàó!" Màmá pè é láti inú ọkọ̀. Oríkì rẹ̀ ló máa ń fi pè é. "Kí ló dé tá a dúró? Ṣé a ti dé ni?"

"Rárá o, Màmá. Táyà ló bẹ́. Ẹ máa sùn, kò ní pẹ́."

"Kò ní pẹ́, kò ní pẹ́." Màmá ń kùn. "Bí bàbá rẹ náà ṣe máa ń wí nìyẹn."

Kò sì yẹ kó pẹ́ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nísàlẹ̀. Èèyàn á ti ọ̀pá irin gígùn kan bọ̀ ọ́, á máa yí i, okùn irin tó gbé táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, táyà á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀. Adégbénró ti ọ̀pá bọ ihò. Kò yí. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Kò yí. Ìgbà yẹn ló tẹ́ páálí sílẹ̀, tó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú iná fóònù, tó sì rí ohun tó ti gbàgbé pátápátá. Ó rí ṣéènì.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Táyà sípíà mẹ́ta ni wọ́n jí lábẹ́ ọkọ̀ Adégbénró nígbà tó ń gbé ní Mushin. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun gan-an jókòó nínú ọkọ̀ náà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó ra RV yìí, tó rí i pé táyà kàn rọ̀ dirodiro lábẹ́ ọkọ̀ láìsí ohun tó dè é, oorun ò kùn ún. Ó wa ọkọ̀ náà lọ bá Bíyìí, ọmọ Ìbàdàn kan tó ń jó irin ní Morrow. Bíyìí mú ṣéènì tó nípọn bí àtàǹpàkò, ó fi we táyà náà mọ́ egungun ọkọ̀ lọ́nà mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n fi àgádágodo sí i. Adégbénró ní rárá, olè kì í bẹ̀rù àgádágodo. Ó ní kó jó ẹnu ṣéènì náà pa. Bíyìí jó o pa.

Snellville lọkọ̀ yìí ń sùn sí o, níbi tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń fi ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu lọ sí ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí táyà kankan. Ṣùgbọ́n inú Adégbénró dùn, ó sọ fún gbogbo ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá fẹ́ gbé sípíà tòun, àfi kó gbé ọkọ̀ mọ́ ọn. Wọn ò bá a wí. Mẹ́ta nínú wọn ló wakọ̀ lọ sí Morrow lọ́sẹ̀ kejì pé kí Bíyìí bá àwọn náà jó tiwọn.

Ó pe ilé iṣẹ́ tó ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ lójú títì. Géńdé aláwọ̀ funfun kan dé nígbà tí aago mẹ́sàn-án ń lọ lù, ó wọ abẹ́ RV, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó jáde, ó ń họ irùngbọ̀n. Ó fi sùúrù bi Adégbénró pé ta ló rò pé ó fẹ́ jí i. Ìtàn Mushin gùn ju ohun tí ẹni tí kò sùn lè fi Gẹ̀ẹ́sì rò fún àjèjì láàárọ̀ kùtù. Géńdé náà ní òfin iṣẹ́ òun kò gbà kí òun gé irin lára ọkọ̀ ẹni tó pe òun. Òun lè wọ́ RV náà lọ síbi tí wọ́n á ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa tó ṣílẹ̀kùn. Adégbénró pe ilé táyà mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Irú táyà ńlá bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Géńdé náà gbàdúrà oríire fún un, ó ṣíná sí ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ó ku ẹnì kan tí èèyàn lè pè.

"Bíyìí, èmi ni."

"Ah, Ẹ̀gbọ́n! Good morning, sir. Ẹ ti dé Charlotte ni? Ẹ kú oríire ọmọ tuntun o."

"Snellville ni mo wà. Flat ni mo ní. Ṣéènì yẹn, Bíyìí."

"Ṣéènì wo, sir?"

"Èyí tí mo ní kó o jó pa."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bíyìí, ó gbé e mì tìpátìpá. "Yé! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi, màá pa á tì. I dey come now now."

Morrow sí Snellville, ọ̀nà ò sún mọ́ra, ní Sátidé pàápàá tí gbogbo ayé ń lọ ra nǹkan. Adégbénró wọ inú ọkọ̀, ó fún Màmá lóògùn, ó yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara má baà ro ó, ó bu tíì díẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣe fún arúgbó méjìlá láti alẹ́ dé àárọ̀ náà ni. Ó fẹ́ jókòó, àmọ́ ó mọ̀ pé tí òun bá jókòó, ó parí, kò sẹ́ni tó máa rí òun jí.

Fóònù dún. Mojísọ́lá ni.

"Daddy Nífẹ́mi, ibo lẹ dé? Ẹ ti kọjá Greenville?"

"Táyà ló bẹ́. A ṣì wà ní Snellville."

Ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbé àga kiri.

"Ó dáa. Ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ ká fi yín sí video," ni Mojísọ́lá wí. "Tó bá di twelve, a ó gbé phone síwájú àwọn àgbà. Ẹ ó dárúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ọ́, Màmá ó wúre fún un, ó tán."

"Kò tán. Mo ṣèlérí fún Nífẹ́mi pé màá wà níbẹ̀. Mi ò ní í wà nínú phone níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ. Sọ fún àwọn in-law pé kí wọ́n fún mi ní one hour."

"Daddy Nífẹ́mi, one hour kẹ̀? Láti Snellville?"

"Kí wọ́n ṣáà dúró dè mí, Mojí. Mò ń bọ̀."

Ọmọ tuntun ké lọ́hùn-ún. Adégbénró gbọ́ tí Nífẹ́mi béèrè pé, "Who's that?" Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá ẹ ni." Ó fetí sílẹ̀ bóyá ọmọ náà máa béèrè ibi tí bàbá dé. Kò béèrè.

Nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn, ibí yìí ni mo ti bá a wí. Ti ṣéènì, ojú tó ti rí màbo ló fà á. Èyí, agídí ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fóònù ló fi wà níbi gbogbo láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọdé. Fóònù ló fi kí i kú ọjọ́ ìbí láti ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú, fóònù ló fi gbọ́ àbájáde ìdánwò, fóònù ló fi gbàdúrà fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Ó ti sú u kó máa jẹ́ bàbá inú fóònù.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni Bíyìí dé pẹ̀lú jáàkì ńlá àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọ abẹ́, ó fi iná yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, I do this thing well o," ó wí. Ìgbéraga àti àánú ló dà pọ̀ nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ gbé phone yín sínú ọkọ̀, iná máa ta sí i."

Adégbénró gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Màmá. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí ké. Iná ń tú yẹ́ẹ́, àwọn tó wá ra dónọ́ọ̀tì ń yọjú, wọ́n ń yà fún un. Ṣéènì tó nípọn bí àtàǹpàkò kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú gé, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n we é. Bátìrì àkọ́kọ́ kú sí ọ̀nà kejì. Pẹ̀lú bátìrì kejì ni wọ́n fi gé ìkẹta, ṣéènì já, ó sì wó sílẹ̀ gbàràgàdà. Adégbénró ké "Halelúyà!" láìmọ̀. Ó sáré mú ọ̀pá irin, ó tì í bọ ihò, ó yí i.

Kò yí.

Ọdún mẹ́fà tí òjò ti ń rọ̀ sí i, tí ewé ti ń rà lé e lórí, okùn irin náà àti ohun tí wọ́n ká a mọ́ ti dípẹtà, wọ́n ti di ọ̀kan. Wọ́n da epo sí i. Wọ́n dúró. Wọ́n fi òòlù lù ú, wọ́n tún da epo sí i. Bíyìí fi agbára yí ọ̀pá náà títí ó fi yọ̀, ìgbà tó sì máa wo ẹnu ibi tí ọ̀pá ti ń gbá irin mú, igun rẹ̀ ti jẹ, ó ti di róbótó. Ọ̀pá kò tún lè rí i gbá mú mọ́ láé.

"Ká gé okùn yẹn náà ló kù," ni Bíyìí wí. Ó gbé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ké díẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó dákẹ́. Bátìrì kejì ti kú. Wọ́n wo ara wọn.

Ayùn ọwọ́ ló kù, èyí tí wọ́n fi ń ré irin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá wà lábẹ́, èkejì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó bẹ́, á máa mí. Àyè kò tó láti na apá, ìwọ̀nba díẹ̀ lèèyàn lè fa ayùn náà síwá sẹ́yìn, ìpẹtà ń dà síni lójú. Okùn irin náà ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Adégbénró lẹ́ẹ̀kẹrin, Bíyìí gbọ́ pé ayùn dákẹ́. Ó pè é, kò dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bàbá náà sùn lọ, ayùn dúró sí àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ là díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n Gbénró!"

"Mo ti jí," ni Adégbénró wí. "Ó rẹ̀ mí, Bíyìí. Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́."

"Ẹ bọ́ síta, sir. Jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀. Kò béèrè aago. Ó mọ̀, òòrùn ti dúró sójú ọ̀run gan-an, òjìji ọkọ̀ ti sá wọ abẹ́ ọkọ̀. Bíyìí fa ayùn títí, ó ké pé "Ó ń bọ̀ o!", ó yí gbirigbiri jáde, táyà náà sì já lu ilẹ̀ gìì. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Adégbénró dìde, ó wọ inú ọkọ̀ lọ mú fóònù.

"Fóònù rẹ ò jẹ́ n sùn," ni Màmá wí. "Ó ń dún, ó dákẹ́, ó tún ń dún."

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

"Mo pè ọ́, Àlàó. Mo pè ọ́ títí ohùn fi há mi. Ariwo òòlù àti ariwo títì, ta ló fẹ́ gbọ́ tèmi? Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo ní kí n má lọ tẹ ohun tí mi ò mọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pè. Aago méjìlá géérégé, méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Fídíò ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé fóònù síwájú àwọn àgbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí wọ́n má gbé e. Wọ́n dúró dè é fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, òun sì wà lábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Mojísọ́lá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "A ti sọ ọ́. Ẹ máa rọra bọ̀."

Adégbénró jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó wù ú kó sunkún, ẹkún náà ò wá, ó rẹ òun náà.

Bíyìí ló de sípíà náà mọ́ ọkọ̀. Ara táyà náà ti sán, wọ́n fa afẹ́fẹ́ sí i nílé epo tó wà níwájú, wọ́n dúró wò ó, ó gbé e. Aago méjì ti kọjá. Bíyìí na ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, key."

"Iṣẹ́ ẹ ńkọ́? Ọkọ̀ ẹ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ mi á wà níbí. Ẹ wo ojú yín, ó pọ́n bí ata. Tẹ́ ẹ bá wakọ̀ yìí, ẹ máa pa Màmá. Key, sir."

Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Lójú ọ̀nà, Màmá hanrun, Bíyìí ń rọra kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, Adégbénró tó yẹ kó sùn kò lè sùn. Ó ń to àlàyé jọ nínú ọkàn rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún Nífẹ́mi, ohun tó máa tẹ̀ lé e: bó ṣe gba àyè sílẹ̀, bí Hajarah kò ṣe dé, bí táyà ṣe bẹ́, bí ṣéènì, bí okùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé Gaffney, ó wá rí i pé gbogbo àlàyé tí òun ti ṣe fún ọmọ náà láti kékeré, òótọ́ ni gbogbo wọn pátá. Ó dákẹ́ ríro.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni wọ́n dé. Kò sí ọkọ̀ àlejò kankan níwájú ilé mọ́. Ṣẹ́gun, ọkọ Nífẹ́mi, sáré jáde, òun àti Bíyìí ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀. Mojísọ́lá dúró tì wọ́n, ó kí ọkọ rẹ̀ kú ọ̀nà, ó wo aṣọ iṣẹ́ lára rẹ̀. Adégbénró rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Nífẹ́mi ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà lápá rẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀, ẹ̀rín gidi.

"Daddy, ẹ kú ọ̀nà. You look so tired. Ẹ ti jẹun? Rice wà."

"Nífẹ́mi, táyà ni. Mo fi ṣéènì... Mo gbìyànjú, mo ní kí wọ́n dúró dè mí..."

"I know. Mummy sọ fún mi." Ó fi ọwọ́ kan èjìká bàbá rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má wait again. Don't worry about it, Daddy. Mi ò expect pé ẹ máa make it."

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Adégbénró wá ìbínú náà lójú ọmọ rẹ̀, ó wá a lóhùn rẹ̀, kò rí i. Ká ní ó kígbe mọ́ ọn ni, ì bá bẹ̀ ẹ́. Ká ní ó sunkún ni, ì bá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n Nífẹ́mi ti to ayé rẹ̀ láìfi àyè bàbá sí i, ó sì ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ débi pé kò dùn ún mọ́. Adégbénró ló dùn, ó dùn ún wọ egungun.

Ó lọ sí ilé ìdáná, ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, dúdú ìpẹtà kò kúrò ní èékánná. Nífẹ́mi gbé ọmọ fún un bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wúwo ju bó ṣe rò lọ, ó ń sùn, ó fi ẹnu mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Adégbénró wò ó títí. Ó la ẹnu láti pè é, ó wá rí i pé òun ò mọ ohun tí òun máa pè é.

"Kí ni wọ́n sọ ọ́?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Akínfẹ́mi," ni Nífẹ́mi wí, pẹ̀lú ẹ̀rín, bó ṣe ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò láti ọ̀sán.